Ọ̀nà Ọ̀fun Mọ́tò Nọ́ọ̀sì Mosúnmọ́lá

Etí ni Akínpẹ̀lú fi ń tún mọ́tò ṣe kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ sí ìdajì òkè ní ìlú Òkè-Ìrì, níbi tí ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ láàárọ̀ títí ènìyàn yóò fi máa rò pé ojú ọ̀run ni òun ń gbé. Ọ̀nà ọlọ́dà kan ṣoṣo tó ti ìsàlẹ̀ odò gòkè lọ sí ilé ìwòsàn kọjá níwájú rẹ̀. Á jókòó sórí àga onígi, á di ojú, á ní, "Ẹni tó ni èyí kò pààrọ̀ ọ́ìlì láti ìgbà ìkórè àgbàdo." Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìkejì yẹn kì í sábà ṣe ènìyàn lóore.

Mọ́tò tó fẹ́ràn jù ni ti Nọ́ọ̀sì Mosúnmọ́lá, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn òkè. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun: mọ́tò eré, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, pupa fòò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kọjá ti ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn aboyún ìsàlẹ̀ odò ni nọ́ọ̀sì fi ń gbé gòkè nígbà tí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Láàárín ìkùukùu, ohùn mọ́tò náà làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tó rí àwọ̀ pupa tó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin a sì máa dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró láti kí ẹni tí wọn kò tíì rí.

Lóṣooṣù, Akínpẹ̀lú máa ń da ìgò oògùn kan sínú táǹkì mọ́tò náà. Oògùn tí ń fọ ẹ́ńjìnnì ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó fi kọ́ṣẹ́, epo àti afẹ́fẹ́ jọ ń gba ọ̀fun kan náà kọjá ni, epo a sì máa ṣan fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí tí ń pa dé kí ẹ́ńjìnnì lè mí sínú. Bí epo bá ní oògùn nínú, ọ̀fun á mọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Fadérera. Ọmọ náà fẹ́ Àjàdí, àgbẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ odò, nígbà tí bàbá rẹ̀ ti ń fojú sí ọmọ oníṣẹ́ irin. Akínpẹ̀lú gba ìdáná lọ́wọ́ wọn, kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé àna náà. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń bá a gbé nǹkan lọ: iṣu, epo pupa, aṣọ òtútù. Nígbà tó gbọ́ pé Fadérera lóyún, ó sọ iṣu di ìlọ́po méjì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, mọ́tò nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀.

"Bàbá Fadérera, ó ń wú kọ́," ni Mosúnmọ́lá wí. "Tí ó bá dé ibi tí òkè ti ga, ó dà bíi pé nǹkan fún un lọ́rùn."

"Òtútù ni, nọ́ọ̀sì. Èmi náà ń wú kọ́. Mo máa fi ìgò kan kún un."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga onígi. Ó lá àlá pé òun wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn, tó sì dín. Atẹ́gùn ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀ lọ sínú yàrá kan níwájú, ilẹ̀kùn yàrá náà ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé, láìsí ọwọ́ ẹnì kankan lára rẹ̀. Inú yàrá ni òjò ti ń rọ̀. Ó ń gbọ́ ọ dáadáa, òjò ńlá tó lè fọ odindi ìlú, ṣùgbọ́n ibi tí òun dúró sí gbẹ. Ó fi ọwọ́ kan ògiri. Ògiri náà dúdú, ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó fẹ́ ké sí ẹni tó wà nínú yàrá pé kí ó jẹ́ kí òjò náà ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàbí ó ń sunkún, kò mọ èwo.

Nígbà tó rọ́ àlá náà fún Mosúnmọ́lá, ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ dín ẹ̀bà ọ̀sán kù." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì da ìgò méjì sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ó ṣẹlẹ̀. Ìkùukùu kò jẹ́ kí ènìyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Akínpẹ̀lú ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ ohùn mọ́tò náà láti ìsàlẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá ń wú kọ́, ó ń já, ó ń so. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú funfun yẹn, tí kò rí ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ohùn Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. "Ta nìyẹn? Bàbá, ẹ má sún mọ́bí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa."

Ó kọ ẹ̀yìn. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀ tí òun náà kọ ẹ̀yìn, tó di ọwọ́ mọ́ orí. Àjàdí ni. Ìgbà náà ni Akínpẹ̀lú tó mọ ẹni tó ń rọbí nínú mọ́tò. Ẹ̀rù bà á dé ibi tí kò mọ̀ pé ẹ̀rù lè dé nínú ara àgbàlagbà. Ọdún méjì ni òun àti ọkùnrin yìí kò kí ara wọn, wọ́n wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láàárín ìkùukùu. Wọ́n gbọ́ tí Fadérera kígbe lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti dé." Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn ọmọ. Akínpẹ̀lú, ẹni tí etí rẹ̀ kì í tàsé, tẹ́tí, tẹ́tí, kò rí nǹkan kan gbọ́, ó sì di apá àna rẹ̀ mú.

Ọmọ náà ké.

Lọ́rì tó ń kó pákó ló gbé wọn gòkè dé ilé ìwòsàn. Akínpẹ̀lú ò tẹ̀ lé wọn. Ó ní kí ọkọ̀ kan bá òun fa mọ́tò náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó tú ọ̀fun rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá rí i pé ẹnu tí ń tu epo kò sí níbi tó rò. Inú sílíńdà gan-an, ìyẹn yàrá tí epo ti ń jó, ni àwọn tó ṣe mọ́tò eré yìí fi í sí, lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn kékeré. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba ọ̀fun kọjá, àti èémí ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń mí padà sínú ara rẹ̀. Èémí yẹn ló ti ń lẹ̀ mọ́ fáàfù, tí ooru ń yan án, títí ó fi di èédú tó nípọn bí èèpo iṣu. Gbogbo oògùn tó ń dà, kò sí ẹ̀kán kan tó débẹ̀ rí. Ìtìjú mú un.

Pẹ̀lú ọwọ́ dúdú yẹn ló lọ bá Fadérera lórí bẹ́ẹ̀dì. "Fadérera ọmọ mi, èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa ọ́. Mo ń da oògùn sí i lóṣooṣù. Kò débi tó yẹ kó dé."

Fadérera dá a lóhùn, "Bàbá mi, iṣu yín pọ̀ nílé mi débi pé òmíràn ti hù. Ọdún méjì. Ẹ ò wá rí."

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún, kò sì fi ojú pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù tó bá kàn yóò fi pa dé pátápátá, kí ìdọ̀tí má bàa já sínú. Ó gún èèpo àwùsá gbígbẹ nínú odó, ó jọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ sí èédú náà. Èèpo àwùsá le tó láti họ èédú, kò le tó láti ha irin. Lẹ́yìn náà, ó kó wáyà tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò sínú agolo irin kan, ó fi agolo náà sójú páìpù tí èémí ọ́ìlì ń gbà padà, kí ọ́ìlì lè dúró síbẹ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì máa da ohun tó bá kó jọ nù ní gbogbo Sátidé, kí ó máa tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ó sì máa gbé e rin ọ̀nà jíjìn kí ara rẹ̀ lè gbóná dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ yóò máa ṣí ọ̀fun náà wò lọ́dọọdún, pẹ̀lú ojú, kì í ṣe pẹ̀lú etí.

Nígbà tí ọjọ́ ìkómọ pé, kò fi iṣu ránṣẹ́. Ó wọ mọ́tò pupa yẹn pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì wọ ilé Àjàdí pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Fadérera dìde pàdé rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó fa àga sún mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá àgbà sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré ló sọ. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn àgbà Òkè-Ìrì ti gbà á, òun náà ni wọ́n fi ń bá ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀ wí títí dòní, pé: "Bí omi pọ̀ tó òkun, kì í fọ ibi tí kò dé."