Ìdí Tí Eégbọn Kì Í Fi Yọ Ẹnu Lára Ẹran

Nígbà láéláé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Eégbọn fi ń rìn káàkiri igbó. Kò sí ẹran tó ń gbé e kiri. Ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá kí i lọ́nà kì í tètè délé.

Láyé ìgbà náà, àwọn ẹranko mọ̀ pé orúkọ ìyá àti baba ẹni wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Yànmùyánmú ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kà á. Ó pọ́n ẹnu rẹ̀ títí ó fi rí bí abẹ́rẹ́. Á gún ẹran níhìn-ín, á ka díẹ̀. Á gún un lọ́hùn-ún, á ka díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, á wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Inú Erin, ọba igbó, dùn sí iṣẹ́ yìí. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹnu bọ awọ ẹran láti ka ẹ̀jẹ̀, àfi Yànmùyánmú àti ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Yànmùyánmú kò yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, odò kún, ó gbá ibùsùn àwọn Àgbọ̀nrín lọ. Méjì nínú wọn, Àwẹ̀ró àti Àbẹ̀bí àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nígbà tí omi fà, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá láàyè, ẹrẹ̀ bò ó látòkè délẹ̀. Àwọn méjèèjì ní tàwọn ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Yànmùyánmú. Ó gún ọmọ, ó gún àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn jọra. Ibi gbogbo tó gún, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá. Kò mọ èyí tó ṣáájú, kò mọ èyí tó kẹ́yìn.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. Ó tún gún ọmọ náà. Ọmọ bú sẹ́kún.

Eégbọn wà nítòsí, kò lè pa ẹnu mọ́. "Bí mo bá ki ẹnu bọ̀ ọ́, tí n kò sì yọ ọ́ títí mo fi kà á dópin, kò ní dàrú mọ́ mi lójú."

"Tèmi ni kíki ẹnu bọ awọ," ni Yànmùyánmú fèsì.

"Ẹnu tìrẹ rí tín-ín-rín. Tèmi ní eyín."

"Ṣé kì í ṣe inú awọ ló ń lọ ni?"

Àbẹ̀bí kúnlẹ̀ níwájú Eégbọn. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà sọ fún mi, kí n lè lọ wá òkú tèmi."

Àánú ṣe Eégbọn. Ó gun ọrùn ọmọ náà, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Yànmùyánmú fò lọ sí ààfin, ó sì mú Erin dé.

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí gba ìrònú. Kí n tó dájọ́, Yànmùyánmú, o ò gbọdọ̀ pẹ́ lára ẹnikẹ́ni, ọ̀nà ti Eégbọn nìyẹn. Ìwọ Eégbọn, dúró bí o ṣe wà. Bí o bá yọ ẹnu, o ti gbà pé o jẹ̀bi nìyẹn, ìwọ àti ọmọ rẹ kò sì ní ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ láé."

Ó lọ sílé lọ ronú.

Eégbọn ti kà á dópin nígbà náà. Ó ti mọ ìyá ọmọ.

Àwẹ̀ró tẹrí ba mọ́ ọn. "Baba, ta ló ni ín?"

Eégbọn wò ó lójú. Ó wo Yànmùyánmú tó bà sórí ewé, tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á yọ. Bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì ni ikùn rẹ̀ ń wú.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dúró títí, ó sú wọn. Nígbà tí ebi ń pa ọmọ, Àbẹ̀bí fún un lọ́mú. Nígbà tí ó tún sunkún, Àwẹ̀ró fún un. Àwọn méjèèjì ló ń pè ní Ìyá. Erin ṣì ń ronú.

Láti ọjọ́ náà ni yànmùyánmú ti ń gún wa níhìn-ín, tó ń gún wa lọ́hùn-ún, tí kì í jókòó pẹ́. Láti ọjọ́ náà sì ni eégbọn ti ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran, tí ikùn rẹ̀ á wú rọ̀ǹdọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fà á yọ, ẹ rọra o. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí orí rẹ̀ já síbẹ̀ ju kí ó la ẹnu sọ ohun tó mọ̀.