Òrìṣà Tí Ojúọlápé Mọ Lórí Ìkúnlẹ̀

Ìtàn mi kò rìn jìnnà, iwájú ààfin Òkè-Ìrókò ló parí sí. Ọba Adégorúṣẹ̀n pe Ojúọlápé, opó amọ̀kòkò, ó ní kó mọ ère tuntun fún Yèyé Omítútù, òrìṣà odò wọn: kí Yèyé kúnlẹ̀, kó doríkodò bí ìyàwó tó jẹ̀bi, torí obìnrin kì í nàró níwájú ọba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Ojúọlápé kẹ́rù kúrò nílùú. Opó ní, "Kábíyèsí, mo gbọ́." Ó mọ Yèyé lórí ìkúnlẹ̀, ó fi iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì sun ún bí wọ́n ti ń sun ìkòkò. Àwọn obìnrin bú u pé ó dójú ti Yèyé. Lọ́jọ́ ọdún, ọba dé tadétadé. Ojúọlápé tẹ́ ẹní síwájú ère, ó ní, "Kábíyèsí, èèwọ̀ àwọn baba yín ni: lọ́jọ́ òní, orí ọba kò gbọdọ̀ ga ju orí Yèyé lọ." Ọba wo ère, ó wo ẹní, ó wo èrò. Ó ní, "Tètè gbé e nàró!" Opó ní, "Kábíyèsí, amọ̀ tí a ti sun, ta ló lè nà á mọ́?" Ni ọba bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ère ọdún kejì ga ju ẹnu ọ̀nà ààfin lọ, síbẹ̀ ọba fúnra rẹ̀ dúró ti Ojúọlápé, ọba ń pariwo pé, "Tún fi amọ̀ lé e!"