Àwo Ìyá Lóìsì ní Gálílì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjọ tí ayọ̀ ń gùn, kó dé Ìdí-Òsè ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń lọ sí Gálílì. Gálílì tiwọn kò kọjá abẹ́ igi òsè kan lẹ́yìn odò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọrin lọ síbẹ̀, tí àwọn arúgbó ń gbàgbé ọ̀pá wọn sílé, ẹ ó rò pé Jésù fúnra rẹ̀ ló ń dúró dè wọ́n lọ́hùn-ún.

Ìyá Lóìsì ló ti ń se ọbẹ̀ Gálílì láti ogún ọdún. Opó ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń háwọ́. Ta ló ṣàìsàn tí kò gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún? Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun fún Ìyá Lóìsì ní nǹkan rí. "Mo dúpẹ́, mo ti ní," ni yóò wí, yóò sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Lójú tirẹ̀, onígbàgbọ́ tó bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ti dójú ti Ọlọ́run.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ọdún kan, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ká páànù ilé rẹ̀ lọ pátápátá. Òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wá ń há mọ́ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Hesekáyà tí í ṣe Bàbá Ìjọ kó ọkùnrin mẹ́fà wá, wọ́n ru páànù. Ìyá Lóìsì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti fi lé Olúwa lọ́wọ́. Òun ni yóò bò mí."

Páànù náà kò tíì padà dé ìkóríta tí Ìyá Lóìsì ti wà lórí eékún, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó tètè rán olùrànlọ́wọ́ sí òun.

Ọjọ́ Gálílì pé. Òjò ń ṣú bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, atẹ́gùn ń gbé eruku, Ìyá Lóìsì sì pàṣẹ pé kí wọ́n da gbogbo àwo dojú bolẹ̀ títí àdúrà yóò fi parí. Orin gbóná, àtẹ́wọ́ ń ró. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, oníkálukú ṣí àwo rẹ̀. Ìyá Lóìsì nìkan ló ṣì dijú, tó ń ké pé, "Olúwa, da oore rẹ sí mi! Dà á, mo ti ṣe tán!"

Bàbá Hesekáyà gba ṣíbí ńlá, ó bu ọbẹ̀ kún un, ó sì dà á sẹ́yìn àwo Ìyá Lóìsì. Ọbẹ̀ ṣàn wàràwàrà, ó ba aṣọ Àjíǹde rẹ̀ jẹ́.

"Yéè! Bàbá, kí lẹ ṣe báyìí? Ẹ ò rí i pé àwo mi dojú bolẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Lóìsì. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rí i, lẹ́nu ọ̀nà rẹ. O bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run bu ọbẹ̀, o wá kẹ̀yìn àwo sí i. Ibo lo fẹ́ kó dà á sí?"

Ìyá Lóìsì wo ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè, tó ń wọlẹ̀ lọ. Ojú tì í gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu, omijé sì bá ẹ̀rín jáde. Ó ṣí àwo náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá.

"Ẹ bù ú fún mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní òrùlé."

Halelúyà sọ! Wọn kò jẹun tán tí wọ́n fi gba ilé rẹ̀ lọ, tọmọdé tàgbà, páànù lórí, orin lẹ́nu. Nígbà tí òjò dé nírọ̀lẹ́, orí páànù tuntun ló ti ń jó, Ìyá Lóìsì sì ń jó tirẹ̀ nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé, ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀.