Oúnjẹ Àárọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́

“Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!”
“Àlọ̀ ọ́!”

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, iná ìgbẹ́ jó igi tó ń gbé. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, inú eérú ló jókòó sí.

Ehoro ní, “Gbàgbé ẹ̀.” Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fọwọ́ ro eérú. Ìgalà ní, “Ọdún á yabo.” Ó kẹ̀yìn sí i.

Àparò jókòó tì í. “Kí lo máa ń jẹ láàárọ̀?”

“Ẹyìn ni.”

“Jẹ́ ká lọ wá a.” Ló bá dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́, dìde ká rìn.
*Jẹ́jẹ́.*
Ilẹ̀ mọ́, ebi ń pa ọ́.
*Jẹ́jẹ́.*

Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹyìn kan, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Ó jẹ ìkejì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Àparò, ta ló ń gbé orí igi yẹn?”

Ibẹ̀ ni ọdún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí.