Irin Tí Ó Tẹ Wàrà

Ìwọ ọkọ ìyàwó, fetí sí mi. Ọkùnrin kan wà. Mẹkáníìkì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú débi pé bí mọ́tò bá ń wúkọ́ bọ̀ lọ́nà, á ti sọ ohun tó ń ṣe é kí onímọ́tò tó páàkì. Kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọmọge ni obìnrin náà ṣì jẹ́. Òun ló gbé àbúrò pọ̀n, òun ló ń já oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ fún un, òun náà ló fà á lé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí o bá rí géńdé ọkùnrin yìí tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, má bi í pé kí ló dé.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n di àgbà, ọkọ rẹ̀ kú, àbúrò sì mú un wá sínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni àìsàn ti bá a. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran mọ́. Gbogbo ará ilé ń wo ara wọn lójú. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ẹran bá kéré nínú ọbẹ̀, á béèrè bóyá ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà nínú ilé, òun ni wọ́n ní kó máa jẹ ewé. Wọ́n se ẹ̀fọ́ fún un, ó wò ó, ó kọjú sógiri. Wọ́n se ẹ̀wà fún un, ó ní òun kì í ṣe ẹyẹlé. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni o. Oúnjẹ ni kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò fẹ́ fà á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka rẹ̀ yí i ká, àyè tún ṣẹ́kù. Àyà rẹ̀ já. Ọwọ́ tó ti gbé e pọ̀n rí ló gbẹ báyìí. Ó jáde síta, ó jókòó sórí táyà kan. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé bí obìnrin yìí kò bá rí nǹkan jẹ, kò ní pẹ́ tí òun yóò fi sin ín.

Màmá kan wà ní àdúgbò wọn tó ń ṣe wàrà sóyà tà. Ìwọ náà ti jẹ ẹ́ rí. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń lọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á sì fi omi ògì kíkan mú un dì. Funfun ni, ó rọ̀, kò sì ní adùn kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí o bá rẹ ẹ́ sí ni yóò fi ṣe adùn. Màmá yìí máa ń fọ́nnu pé ẹni tó bá jẹ èyí tí òun rẹ sínú èròjà, á máa wá eegun nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì lọ bá a. Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Màmá ní kó lọ sinmi, òun á bá a ṣe é. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ òun, ọwọ́ ara òun ni òun fẹ́ fi bọ́ ọ. Màmá wo ọwọ́ tó ń wí, ọwọ́ tó dúdú kọjá èékánná, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fà á jókòó, ó sì kọ́ ọ.

Ó ní, "Wò ó, omi ló kún inú wàrà. Bí omi yẹn kò bá jáde, èròjà kò ní ríbi wọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á kàn kó o sínú ata bẹ́ẹ̀, ata á pupa lára rẹ̀, inú á funfun, kò ní dùn lẹ́nu. Má fi ọwọ́ fún omi rẹ̀ jáde, á fọ́ sí ọ lọ́wọ́. Fi aṣọ wé e, gbé e sórí pákó, kí o wá gbé nǹkan tó wúwo lé e, nǹkan tó mọ́. Bí aṣọ kò bá kán omi mọ́, o lè gé e. Lọ ata àti àlùbọ́sà, fi ayù àti atalẹ̀ sí i, bu iyọ̀ sí i níwọ̀n, fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Má da òróró sí i o, òróró á dínà mọ́ iyọ̀. Kó wàrà sínú rẹ̀, dé e, jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbé e jáde, jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, kí o wá dín in. Má kánjú. Ìkánjú ló ń ba ti gbogbo yín jẹ́."

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tún un sọ fún màmá, màmá ní kò ṣì í.

Ọkọ ìyàwó, kò sí ohun tí ọkùnrin yìí fi ṣeré. Ó fi ọṣẹ bó ọwọ́ rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á. Aṣọ tuntun ló rà, pákó tuntun ló gé. Ata tó ṣà lọ́jà, kò sí èyí tó ní àbàwọ́n lára wọn. Ohun tó wúwo ló kù. Ó wo inú ilé ìdáná, kò rí nǹkan tó tó o. Ó wá rántí pé irin pẹrẹsẹ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, èyí tó tú lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin tó wúwo dáadáa.

Irin náà dọ̀tí, ó mọ̀. Kì í ṣe ọ̀bùn. Ó fọ̀ ọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó fi àkísà tó mọ́ nù ún, irin náà ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni. Ó gbé e súnmọ́ imú, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó gbé e lé wàrà. Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti abẹ́ aṣọ. Ẹnu yà á bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ó gé e, ó kó o sínú èròjà, ó dé e, ó sì jẹ́ kó sùn.

Nígbà tó ń dín in ní àárọ̀, òórùn ayù àti ata gba gbogbo àgbàlá. Láti inú yàrá ni ẹ̀gbọ́n ti pè é. Ó ní, "Àdìgún, kí lo ń dín?" Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀, kò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè oúnjẹ. Ọkùnrin náà sáré kó o sínú abọ́. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ bí ọmọbìnrin, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀kan, ó fi sẹ́nu. Ó rún un. Ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wo ohun tó tu. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó wá rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Àdìgún, ṣé mo ti pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ara ọkùnrin náà bù máṣọ. Ó mú ọ̀kan nínú abọ́, ó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀. Ó dùn. Iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, ata ti wọ̀ ọ́, kò sí àléébù kan tó mọ̀ lára rẹ̀. Èyí gan-an ló wá já a láyà ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í purọ́.

Ó gbé abọ́, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ọ̀dọ̀ màmá oníwàrà. Màmá gbé ẹyọ kan, kò tíì dé ẹnu rẹ̀ tó fi gbé e kúrò nímú.

Ó ní, "Kẹrosíìnì."

Mẹkáníìkì ní irọ́ ni. Ó ní gáàsì ni òun fi ń dáná, kẹrosíìnì kò wọ ilé ìdáná òun rí. Màmá ní kí ló fi tẹ wàrà. Ó ní irin ni, irin tó mọ́, ọwọ́ ara òun lòun fi fọ̀ ọ́. Màmá ní, "Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

Ìgbà náà ló rántí. Kẹrosíìnì ni. Kí ni mẹkáníìkì tún fi ń fọ irin? Láti ọjọ́ tó ti mú sípánà lọ́wọ́, bí wọ́n bá ní nǹkan mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n ń wí ni pé wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Imú tó sì ti ń fa òórùn rẹ̀ láti kékeré, kí ló tún kù tí yóò gbọ́? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màmá, ó gbé ọwọ́ lérí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n màmá, mo gbé irin yẹn kúrò. Kò bá irin sùn. Inú ata àti ayù ló sùn sí. Ṣebí kí omi lè jáde lásán ni mo ṣe gbé irin lé e."

Màmá ní, "Bí omi ṣe ń jáde, kí lo rò pé ó ń gba àyè rẹ̀? Ohun tó tẹ̀ ẹ́ ló kọ́kọ́ mu. Ata bá a nílé ni."

Ó béèrè bóyá òun lè tún un rẹ, kí òun fi ata kún ata. Màmá ní kó má ṣe wàhálà, ata á bò ó mọ́lẹ̀ ni, kò ní lé e jáde.

Ó dà á nù. Ó ṣe òmíràn. Òkúta tí màmá fi ń tẹ tirẹ̀ ló yá, ọṣẹ àti omi ló fi fọ̀ ọ́, ó sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n bá òun gbóòórùn rẹ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé imú ara rẹ̀ mọ́. Èyí dára. Ó gbé e wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó sunkún, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n gbá a mọ́ra. Ó ní, "Mo ti gbàgbé rẹ̀, Àdìgún. O ò mọ̀." Òótọ́ inú rẹ̀ ló sì sọ.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ó kú. Ó jẹ wàrà náà, ó gbádùn rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fi sẹ́nu, ó kọ́kọ́ gbé e sí imú. Ẹyọ kejì, ó gbé e sí imú. Ó kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ wàrà nìkan. Nígbà tó yá, tí àbúrò bá gbé ẹ̀kọ fún un, á gbóòórùn rẹ̀. Omi tútù lásán, á gbóòórùn rẹ̀. Tí aya àbúrò tàbí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti ọwọ́ Àdìgún nìkan ló ń gbóòórùn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti dárí jì í, ọkàn rẹ̀ ti dárí jì í, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Ọkùnrin náà á sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo ẹni tó já oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ fún un, tó ń yẹ oúnjẹ rẹ̀ wò bí oúnjẹ ọ̀tá. Bí wọ́n ṣe bá a lọ nìyẹn títí obìnrin náà fi darúgbó kú.

Ìwọ ni mò ń bá wí, ọkọ ìyàwó. Wọ́n ti sọ fún mi ohun tí o wí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. O ní ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí, o kò ní kọ́kọ́ fún un lẹ́rìn-ín. O ní kó kọ́kọ́ mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe wúwo tó, kí agídí ilé bàbá rẹ̀ jáde lára rẹ̀ ná, pé bó bá ti rọ̀ tán, ìgbà náà lo ó wá kẹ́ ẹ, tí o ó gẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkùnrin ni ọ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ó bá mi lójijì, n kò lè jẹ oúnjẹ tó wà níwájú mi tán.

Èmi kò sọ pé kí omi má jáde. Ẹni méjì kò lè wọ inú ilé kan kí kálukú wọn má fi nǹkan sílẹ̀. Ìwọ náà lómi lára, ó pọ̀ pàápàá. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, kí lo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́? Ohùn tí bàbá rẹ fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ni? Inú rẹ̀ lo dàgbà sí. O kò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Lójú tìrẹ, ó mọ́ tónítóní, ilé ọkọ ni wọ́n ń pè é. Lọ bi ẹni tí kò dàgbà nílé yín.

Ìkẹ́ tí o ní o ń tọ́jú de ìyàwó rẹ, mo gbà pé o ní in. Mo gbà pé o ó mú un wá lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò tiẹ̀ sọ fún ọ pé òun ti gbàgbé ti àná. Ṣùgbọ́n kó tó fi sẹ́nu, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.