Ìmàdò Kì Í Fi Ìdí Kí Àlejò

“Mo di ìmàdò nírù mú nínú ihò, mo fà á yọ, ihò náà sì tẹ̀ lé e jáde!”

Ẹnu Àjàgbé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́, òun náà ló bí òwe tí àwọn ọdẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìmàdò kì í fi ìdí kí àlejò. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé ẹranko ni wọ́n ń kọ́ níwà ọmọlúàbí. Rárá o.

Oyè Aṣípa ọdẹ ló ṣófo lábúlé Òkè-Ẹtu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn ẹran kan tó pa, lójú gbogbo ọdẹ. Oyè náà ń jẹ Àjàgbé lọ́kàn, àmọ́ kò pa òkété rí. Ẹnu nìkan ló ní, ẹnu ọ̀hún sì dùn! Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹyẹ tó ń fò lókè á gbàgbé ìyẹ́, á já lulẹ̀ gbì. Nígbà tó kàn án láti ròyìn, ìmàdò tó fà nírù yẹn ló sọ.

“Ẹran náà dà?” Olúọdẹ Ọdẹ́gbàmí bi í.

“Bàbá, ẹkùn kan ló ń sunkún ebi lọ́nà. Àánú ṣe mí, mo bá fi ta á lọ́rẹ.”

Ẹ̀rín pa àwọn ọdẹ kú, wọ́n tún jí. Olúọdẹ nu omijé ẹ̀rín nù. “Ẹnu rẹ mà dára o, ọmọ mi! Ìmàdò kan ń bẹ nínú ihò lẹ́yìn oko mi. Wá fà á lójú wa, kí n fi ọ́ jẹ Aṣípa lónìí.”

Àyà Àjàgbé kò já. Ó ti rí ìmàdò tó ń sá lọ rí, tó na ìrù sókè gọngọ. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọlé, orí níwájú, ìrù lẹ́yìn. Kò mọ̀ pé bí ìmàdò bá dé ẹnu ihò, ṣe ló ń yí padà, tó ń fẹ̀yìn wọlé, kí eyín rẹ̀ lè máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Àjàgbé kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ihò, ó ń wá ìrù. Eyín ló bá, ó rí ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Ohun kan fọn èémí gbígbóná sí i lọ́wọ́.

“Yéè! Bàbá, eléyìí kọjú síta!”

“Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń kọjú síta. Èwo wá ni ìwọ fà nírù?”

Àjàgbé bá fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ó ti fò kọjá odò, ó ti lé àgbọ̀nrín kan bá, ó ní kó yà fún òun.

“Ẹ wo ẹsẹ̀!” Olúọdẹ kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́. “Ẹsẹ̀ yìí ju ẹnu rẹ̀ lọ! Àjàgbé o! Bó o bá débi tí ò ń lọ, bá wa sọ fún wọn: ìmàdò kì í fi ìdí kí àlejò!”