Ẹfọ̀n Wá Gba Ìlú Ẹtu Là

Ààlọ́ o! Ẹ jẹ́ kó dún, àbí ẹ ò jẹun alẹ́ ni? Hẹn-ẹn! Àlọ́ mi bọ́ sílé Ẹtu, abiyamọ tó gbọ́n ju gbogbo yín lọ.

Ilẹ̀ iyọ̀ kan ni Ẹtu máa ń lá kí ọmú rẹ̀ tó lómi. Ni Ẹfọ̀n bá kó ọmọ ogun dé láti òdìkejì odò. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, a wá gbà yín lọ́wọ́ Ẹkùn ni." Wọ́n dó sórí iyọ̀, wọn ò jẹ́ kí onílé fẹnu kàn án mọ́. Ọmọ Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ẹtu dán wọn wò.

"Bàbá, Ẹkùn wà létí odò o!"

"A ò lè kúrò níbí."

"Ó ti dé ẹ̀yìnkùlé mi!"

"A ò lè kúrò níbí."

"Ó ti gbá mi nírù mú!"

"Pẹ̀lẹ́, màmá. A ò lè kúrò níbí."

Ọ̀rọ̀ yé Ẹtu. Ló bá dárin, ẹ gbè é, ẹ̀yin olóhùn ọ̀pọ̀lọ́:

Iyọ̀ funfun wà lẹ́yìn òkè,
*Iyọ̀ dùn!*
Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ,
*Iyọ̀ dùn!*

Orin ò tíì tán tí Ẹfọ̀n àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi sáré gba ọ̀nà òkè.

Ẹtu pariwo tẹ̀lé wọn, "Bàbá, Ẹkùn ńkọ́?"

"Ẹ bá wa kí i!"

Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo bí ọmọ Ẹtu ṣe sanra.